A Gun Kẹ̀kẹ́ Tẹ̀lé Etí Òkun

Ìyálọ́jà kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ pé mo gun kẹ̀kẹ́ láti Lomé dé Kútọnu, pé ṣé owó ọkọ̀ ni kò sí lọ́wọ́ mi ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa. Owó ọkọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ fi ojú rí ni ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rí. Ọkọ̀ a máa sáré, èrò inú rẹ̀ a máa sùn, nígbà tí wọ́n bá fi máa ta jí, wọ́n ti dé Kútọnu.

Àwa méjì la jọ lọ. Ẹnì kejì mi jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ó sì fi ọdún méje jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí iṣan wọn le lè rìn ín tán ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwa fi rìn ín, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú wa sí la ń na àgọ́ wa sí.

Ẹrù wa kò pọ̀: àgọ́ aláṣọ kékeré kan tó gba èèyàn méjì, ẹní kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan, gàárì, ṣúgà, kúlíkúlí, àti ike omi mẹ́rin. Túùbù méjì wà níbẹ̀, páńpù, sípánà, àti gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ túùbù. Kárià ẹ̀yìn la di gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi ẹrù kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ o, nítorí kẹ̀kẹ́ tí iwájú rẹ̀ bá wúwo kò ṣe é darí nínú iyanrìn. Bí ẹ bá sì dé orí iyanrìn, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà.

Àwọn èèyàn bi wá pé kí ló dé tí a fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Lomé kí a tó máa gùn ún bọ̀ nílé, dípò kí a gùn ún lọ. Ẹ̀gbọ́n ló mọ ìdí rẹ̀. Ní etí òkun wa yìí, láti àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Ẹni tó ń bọ̀ láti Lomé, afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, ojú ló ń gbá a. Ìgbì òkun náà kò yàtọ̀. Kì í kọlu ilẹ̀ lójúkojú, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń bọ̀, bó bá sì ti bọ̀ bẹ́ẹ̀, a bu iyanrìn díẹ̀, a gbé e síwájú sí ìhà ìlà-oòrùn. Tọ̀sán tòru ló ń ṣe é. Àwọn tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí sọ pé iyanrìn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó bíi mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà. Ẹ jẹ́ kí n fi tipa ṣírò rẹ̀ fún yín: bí tipa kan bá ru kúbíìkì mítà 10, ọ̀kẹ́ márùn-ún tipa nìyẹn, ní ọdún kan ṣoṣo. Iyanrìn pẹ̀lú ń rin ìrìn-àjò, ọ̀nà kan náà ni àwa àti òun sì jọ ń lọ.

Ní 1968 ni wọ́n ṣí èbúté Lomé. Wọ́n to ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi tó rọ̀ dúró sí. Èbúté tó dára ni, omi rẹ̀ jìn, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ta aṣọ àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti jẹun lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó dá ìgbì dúró ti dá iyanrìn dúró pẹ̀lú. Ní ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, etíkun fẹ̀ bíi pápá ìṣeré. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ebi ń pa òkun. Ìgbì ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, kò sì lè má gbé nǹkan, ilẹ̀ tó bá bá níbẹ̀ ló ń bù jẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi Lomé nìkan. Ìsédò Akosombo, tí wọ́n parí ní Ghana ní 1965, ti há iyanrìn tí odò Fọ́ltà ì bá kó wá sínú òkun mọ́ òkè.

A kúrò ní Lomé ní òwúrọ̀ kùtù, a kọjá Baguida àti Agbodrafo. Ní Kpémé a rí afárá irin gígùn tó wọ inú òkun lọ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó fọ́sífétì sínú ọkọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a dé abúlé apẹja kan tí kò jìnnà sí Aného. A kì í na àgọ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀ láì tọrọ àyè, ṣùgbọ́n èdè wọn kò yé wa, Faransé wa sì jẹ́ ti ẹnubodè lásán. Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn wa. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ àti ìṣáná ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ṣakí ni, ó sì ti lé ní 30 ọdún tó ti wà níbẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ dì sórí kẹ̀kẹ́ yìí?”

“Àgọ́ ni, mà. A fẹ́ sùn sínú rẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé? Háà! Ẹ jẹ́ ká lọ rí baálé.”

A fún baálé ní ìgò sódàbí kan, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá náà túmọ̀ rẹ̀ fún wa. “Bàbá ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má sùn sí ìdí àgbọn iwájú yẹn o. Wọ́n ní nígbà tí àwọn gbé ìyàwó, ìlà àgbọn mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Wọ́n gé wọn ni, mà?”

Ìyá náà kò dáhùn. Òkun ló nawọ́ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú wa dé etí omi. Òrùka kànga kan dúró gbọnrangandan láàárín ìgbì, ó dà bí èèfín ilé ìdáná, kò sí ilẹ̀ kankan yí i ká mọ́. Ó ní kànga àdúgbò àwọn nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Èyí tí òun ń lò báyìí ni ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì ti ń wo ẹ̀ẹ̀kẹta lókè. “Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bá ọ dá owó. Bí olè bá kó o, wàá lọ sí ilé ọlọ́pàá. Ta ni kí n fi òkun sùn?” Àwọn tó ń wọn etíkun Togo sọ pé ní àwọn ibì kan, mítà 5 sí 10 ni òkun ń jẹ lọ́dún.

Ọjọ́ yẹn kan náà la kọjá ẹnubodè ní Hilla-Condji. Ní agbègbè ibẹ̀ a rí ògiri òkúta kúkúrú kúkúrú tí ìjọba Togo àti Benin ti to sínú omi pẹ̀lú ìrànwọ́ Báǹkì Àgbáyé, láti fi gba iyanrìn dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lápá ìlà-oòrùn ògiri tó kẹ́yìn ńkọ́? A kọjá Agoué, níbi tí àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil tẹ̀dó sí, tí orúkọ Yorùbá àti ti Potogí fi ń pàdé nínú ìdílé kan. Ní Grand-Popo a bá àwọn apẹja fa àwọ̀n ńlá láti inú òkun dé ilẹ̀. Ọwọ́ mi bó, ẹja mẹ́ta ni wọ́n fún wa, mi ò tíì jẹ ẹja tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìlú àtijọ́ ní Grand-Popo, níbi tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù kọ́lé sí, òkun ti gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mì.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀dà ya kúrò létí òkun lọ sí Comé, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbẹ̀ ju oòrùn lọ. A dé Wídà. Odi Potogí tó wà níbẹ̀ láti 1721 ṣì dúró. Ọwọ́ Portugal ló wà títí di 1961. A sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun níbi Ẹnu-ọ̀nà Àìpadà tí wọ́n kọ́ ní 1995 ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, a sì na àgọ́ wa sí ìtòsí abúlé kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo alẹ́ yẹn.

Láti ibẹ̀ dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bí 40 kìlómítà lórí Ọ̀nà Àwọn Apẹja. Ibi tó jẹ́ ọ̀dà wà, ibi tó jẹ́ iyanrìn wà tí a fi ti kẹ̀kẹ́. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun yẹn, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ìgbì rẹ̀ a máa fa èèyàn lọ. Bí a ti ń súnmọ́ Kútọnu ni etíkun ń fẹ̀ sí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó la ẹnu: èbúté Kútọnu, tí wọ́n ṣí ní 1965, wà níwájú. A yípo èbúté náà, a dé ìlà-oòrùn ìlú. Ilé ìdajì la bá níbẹ̀. Yàrá kan wà tí ògiri rẹ̀ mẹ́ta dúró, ẹ̀ẹ̀kẹrin ti bọ́ sínú omi, kàlẹ́ńdà ṣì wà lára èyí tó kọjú sí òkun.

Èkó ti mọ èyí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ògiri tí wọ́n kọ́ sí ẹnu omi Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ló jẹ́ kí òkun máa jẹ Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún. Benin àti Togo ti fi òfin de wíwa iyanrìn etíkun, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ru agbada iyanrìn lórí ni ọlọ́pàá ń rí mú. Èmi kò ní kí wọ́n wó èbúté o, torí ibẹ̀ ni ẹrù ṣọ́ọ̀bù wa ń gbà wọlé. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tí ọkọ̀ ojú omi ń san níbẹ̀ lọ́dọọdún, ó yẹ kí wọ́n yọ apá kan nínú rẹ̀ láti fi wa iyanrìn tí ògiri dá dúró, kí wọ́n sì dà á sí òdìkejì. Àwọn ẹlẹ́rọ mọ bí a ti ń ṣe é.

Ìyá wa ní Ìbàdàn, sẹ́fà 3,000 ni ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ wa méjèèjì sórí bọ́ọ̀sì ní Kútọnu kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀gbọ́n ná an títí dé 2,000.