Ariwo Kò Lè Bomi Rin Àgbàdo

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí gbíngbìn àgbàdo TELA, àwọn kan ń pè é ní májèlé, àwọn mìíràn ń pè é ní olùgbàlà. Jíìnì bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Bacillus subtilis, ló ń ràn án lọ́wọ́ láti fara da ọ̀dá.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé tí òjò dá mọ́ lọ́wọ́ kí àgbàdo rẹ̀ tó yọmọ kò béèrè ariwo. Ṣé yóò yè lórí ilẹ̀ òun? Ṣé dandan ni kí òun ra irúgbìn lọ́dọọdún? Dandan ni, nítorí àkọpọ̀ irú àgbàdo ni. Ọmọ rẹ̀ kì í so bí ìyá. Kí àwọn tó ń polówó rẹ̀ sọ ìyẹn sókè.

IITA n'Íbàdàn náà ti mú àgbàdo afaradà-ọ̀dá jáde láìyá jíìnì bakitéríà, òmíràn sì ṣeé tọ́jú fún gbíngbìn. Ìkọ̀lé gan-an ni ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn Fásitì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ wà. Kí wọ́n gbin méjèèjì síbẹ̀ lóṣù kẹjọ, kí àwọn àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó fojú ara wọn rí ìkórè.