Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Igi Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tiwa, níbi tí òkè pọ̀ sí, mo fẹ́ fi kún òwe náà pé òkúta orí òkè pẹ̀lú kò lóun ò nílé wó. Àwọn tí mo wá bá jiyàn nínú àròkọ yìí ni àwọn tó gbà pé kọ̀ǹpútà nìkan ti tó láti sọ ibi tí òkúta yóò dé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun òkè lọ wo igi àti ilẹ̀.

Ilé màmá àgbà mi wà lẹ́sẹ̀ òkè, kò jìnnà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ ní ìpele méje. Ní ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sílé. Ó fi ètò kan hàn wá tó máa ń yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta lulẹ̀ lórí máàpù, kí ènìyàn lè mọ ibi tí òkúta gidi lè dé bó bá já. Nígbà tí ètò náà ṣe tán, ilé màmá wà láàárín àwọ̀ ewé, èyí tó túmọ̀ sí pé ewu kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Igbó ẹ̀yìn ilé yìí yóò dá òkúta dúró."

Màmá wò ó títí. "Igbó wo, ọmọ mi? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gé e. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò tó lò ni Rockyfor3D, tí ọ̀gbẹ́ni Luuk Dorren ṣe. Ètò náà kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀; ìbéèrè ló máa ń bi ènìyàn. Báwo ni ibi kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó? Irú ilẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Oríṣi 8 ló pín ilẹ̀ sí, láti 0, tí í ṣe odò tàbí irà, títí dé 7, tí í ṣe ojú títì ọlọ́dà. Àwọn ohun tó ń dí òkúta lọ́wọ́ nílẹ̀ ga tó mélòó? Igi mélòó ló wà nínú hẹ́kítà kan? Báwo ni wọ́n ṣe nípọn tó níbi tí àyà ènìyàn mọ? Mélòó nínú 100 ni ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, bíi ti igi páìnì? Ohun tí a bá gbìn la ó ká: irọ́ tí a bá fi dáhùn, òun náà ni kọ̀ǹpútà yóò kùn ní àwọ̀ ewé fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Máàpù ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò níbí ni èyí tí ọkọ̀ ojú sánmà Endeavour ti Amẹ́ríkà fi rédà wọ̀n ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2000. Iyàrá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 30 sí 30, ó tóbi ju pulọ́ọ̀tì ilé kan lọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ fún gíga gbogbo rẹ̀. Àpáta tó dúró ṣánṣán ní mítà 10 lè sọnù sínú rẹ̀ kó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán. Ní Switzerland, máàpù ìjọba wọn jẹ́ ìdajì mítà: nínú iyàrá kan ṣoṣo tiwa, wọ́n ní nọ́ńbà 3,600. Èyí tó tún burú ni pé níbi tí igbó bá ti ki, rédà náà sábà máa ń dúró sórí igi, kò ní dé ilẹ̀. Igi tí wọ́n ti gé tà ṣì wà nínú máàpù bí ẹni pé òkè ni.

Ọ̀rọ̀ igbó ló wá dùn mí jù. Ní Vaujany, lórí òkè Alps ilẹ̀ Faransé, Dorren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí òkúta tó lé ní 200 lulẹ̀, òmíràn níbi tí kò sí igi, òmíràn nínú igbó, wọ́n sì fi kámẹ́rà ká ìrìn wọn. Òkúta inú igbó kò sáré tó ti ibi gbalasa, ìwọ̀nba ló sì dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí gidi nìyẹn pé ọgbà ni igi jẹ́ fún ilé. Ṣùgbọ́n igi òkè Alps ni wọ́n wọ̀n. Níbo ni ọ̀pẹ wà nínú ìbéèrè yẹn? Ewé rẹ̀ kò rí bí abẹ́rẹ́, igi rẹ̀ kò sì rí bíi ti ìrókò. Bí a bá wọn àràbà níbi tí àyà mọ, gbòǹgbò tó yọ bí ìyẹ́ lára rẹ̀ la ó wọ̀n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ìpẹ́ ewé tó di ara wọn mú, tó kún fún omi, ni. Láti ojú sánmà, òun àti afàrà jọ jẹ́ àwọ̀ ewé. Lójú òkúta, ọ̀kan jẹ́ ògiri, èkejì jẹ́ aṣọ títa.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìnyín lèyí. Lóòótọ́, omi tó ń dì nínú sánsán àpáta ló ń já òkúta lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n òkè tiwa, láti Ẹ̀rìn lọ sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, jẹ́ òkúta quartzite tó kún fún sánsán. Òjò ń wọ inú rẹ̀, iná igbó ń gbóná sí i. Àwọn mìíràn yóò ní gbòǹgbò igi gan-an ló ń la àpáta. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gé gbogbo igi nítorí gbòǹgbò ti wó ọgbà nítorí èpò.

Èmi kò ní ká sọ kọ̀ǹpútà nù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi mú okùn àti téèpù, a gun òkè. Nínú mítà 20 sí 20, igi gidi mẹ́rin la kà. A sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di 100 nínú hẹ́kítà. 400 ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó tún ètò náà ṣe, àwọ̀ pupa dé ilé ìdáná màmá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ. Ẹ wọn àyíká igi, ẹ fi 3.14 pín in, ẹ ti mọ bó ṣe nípọn tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì tẹ̀lé wa lọ. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà: AFRIGIST, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1972 lórúkọ mìíràn, ń kọ́ni ní ìmọ̀ máàpù níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ta igi ẹ̀gbẹ́ òkè. A kò ṣàì mọ bí a ṣe ń dá igbó sí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, wà létí ìlú títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Màmá ti ní kí wọ́n gbé ilé ìdáná wá síwájú ilé. Ó tún ní kí a gbin igi sẹ́yìn, kí a má fi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe. Onílé kò gbà fún òkúta. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbà fún un.