Ẹ yé fi "data cleaning" nu Yorùbá kúrò

1/ Ẹ̀yin ará mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi Python kó dátà jáde láti inú API, ibì kan wà tí olùkọ́ máa ń dé tí á ní: "First step, remove special characters." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ìmọ̀ràn yẹn ń ba èdè wa jẹ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà sì ti bá wọn bà á jẹ́ rí.

2/ Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan gbé iṣẹ́ fún mi. Wọ́n ń ṣe géèmù ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ọmọdé. Inú API wọn ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà, oríṣiríṣi èèyàn ló tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀. Tèmi ni kí n kó wọn jáde, kí n tún wọn ṣe, kí n yọ èyí tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì fi CSV ránṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ kan péré, àbí?

3/ Mo fi requests pe API náà, JSON dé. Mo wo ohun tó gbé wá, mo rí nǹkan báyìí:

"\u1ecdk\u1ecd\u0300"

Ha! Mo ní dátà yìí ti bàjẹ́. Mo wá ìrànlọ́wọ́ kiri, ìlà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ayé ń nà sí mi:

s.encode("ascii", "ignore").decode()

Mo lò ó. Ẹ wo ohun tó ṣe:

ọkọ̀ → k
Ọ̀yọ́ → y
Ṣọlá → l
Abẹ́òkúta → Abkta

Odindi ìlú Ọ̀yọ́, lẹ́tà kan ló ṣẹ́ kù!

4/ Mo ní rárá, èyí ò ṣe é fún oníbàárà. Mo bá mú èkejì tí wọ́n máa ń yìn, unidecode. Òun ò kúkú pa lẹ́tà rẹ́, àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀ ló ń ṣí kúrò. Ọkọ̀ di "oko", Ọ̀yọ́ di "Oyo". Ojú mi rí i, ó rí rèǹtẹ̀rente. Mo tẹ drop_duplicates(). Ọ̀rọ̀ 2,310 di 1,874. Inú mi dùn! Mo ní áà, ẹ wo ìdọ̀tí tí mo gbá kúrò. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n san owó mi. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kankan.

5/ Màmá mi ló bi mí. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbé e fún wọn láti fi ṣe fọ́rífọ́rí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Kí ni 'oko' yìí?" Mo ní, "Oko tí wọ́n ń dá ni, Mà." Wọ́n ní, "Ọkọ ìyàwó wá ńkọ́? Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ńkọ́? Ọkọ́ tí bàbá bàbá rẹ fi ro oko yẹn ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Gbogbo wọn ti di "oko", pandas sì ti mú èyí tó kọ́kọ́ rí, ó da ìyókù nù. Bó ṣe ṣe é fún igba, igbá àti ìgbà nìyẹn. Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, gbogbo wọn di "owo". Ọmọ tó bá ta géèmù yẹn á gbà pé bí èdè wa ṣe kéré tó nìyẹn.

6/ Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, òkúta ló ń wá. Bí o bá ṣa ẹ̀wà tán tí ìkòkò ò kún mọ́, o ò ṣa ẹ̀wà, o dà á nù ni. Ọ̀ kì í ṣe "special character". Lẹ́tà ni. Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a fi ń ṣe fáàrí. Ohun tó ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ ni.

Nǹkan tó dẹ́rù bà mí nínú JSON yẹn ńkọ́? Kò bàjẹ́ rárá. \u1ecd ni nọ́ńbà tí Unicode fún ọ, \u0300 ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. JSON gba kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti pe r.json(), Python á dá a padà sí ọkọ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìwọ náà bá fẹ́ kọ JSON tirẹ̀, fi ensure_ascii=False sí json.dump, kò ní sí wàhálà.

7/ Ìdọ̀tí tòótọ́ wà o, kò kàn sí níbi tí wọ́n ní ká máa wò. Á, à, é, è, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ àti ọ náà ní. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, Unicode ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Ó di kí a to nǹkan pọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Kíbọọ̀dù tìrẹ lè tò ó báyìí, kí tèmi tò ó lọ́nà mìíràn.

Ẹ dán an wò. Ọ̀yọ́ kan lè jẹ́ len() 5, òmíràn á jẹ́ 7. Ojú rẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n Python á ní wọn ò dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí merge rẹ fi ń kọ̀, tí o sì ń bínú sí àmì ohùn. Àmì ohùn ò ṣẹ̀ ọ́ jàre! Ìlà kan péré ló kù:

df["word"] = df["word"].str.normalize("NFC").str.strip()

NFC á kó gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà, kò ní mú ohunkóhun kúrò.

8/ Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. "Ṣé èèyàn máa ń fi àmì sí i tó bá ń wá nǹkan ni? 'oko' ni wọ́n máa tẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣe column kejì nígbà náà:

df["key"] = df["word"].map(unidecode)

Ẹni tó bá tẹ "oko", key ni kó bá pàdé, word ni kó rí lójú. Column tuntun ni o, má fi bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní àmì, o lè yọ àmì rẹ̀ nígbàkígbà. Èyí tí o ti yọ tirẹ̀, kóòdù wo ló máa sọ fún ọ pé ọkọ́ ni tẹ́lẹ̀?

"Ọ̀pọ̀ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ ní àmì." Mo gbà. Èmi gan-an kì í fi sí i lórí WhatsApp. Ṣé nítorí pé omi ò tó nílé ni a ó ṣe da èyí tó wà nínú kòtò, ká wá máa fi garawa òfìfo yangàn?

"Excel máa ń sọ ọ́ di á»." Fi encoding="utf-8-sig" sí to_csv. Ó tán.

"Kóòdù ò fẹ́ràn àmì." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láti 2008 tí Python 3 ti jáde ni gbogbo string rẹ̀ ti jẹ́ Unicode. Àwa la ò fẹ́ràn rẹ̀.

9/ Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Ní 1875, àwọn èèyàn jókòó ìpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí lẹ́tà àti àmì, láìsí iná, láìsí kọ̀ǹpútà. Àwa tá a ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ìlà kan ṣoṣo la fi ń pa á rẹ́, a tún ń pè é ní ìmọ́tótó. Dátà tí a bá sì nu báyìí lónìí ni wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀rọ lọ́la. Ẹ̀rọ yẹn á wá máa kọ́ àwọn ọmọ wa.

10/ Mo padà sídìí iṣẹ́ yẹn. NFC, strip, drop_duplicates. Ọ̀rọ̀ 2,310 di 2,246. Ẹ ẹ̀ rí i? 64 péré ló wà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ 372 ni mo ti dà nù tí wọ́n sì sanwó fún mi. Mo fi fáìlì tuntun ránṣẹ́, mo tọrọ àforíjì, mi ò gba kọ́bọ̀ lé e.

11/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní kóòdù, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò nínú fídíò yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ, kí ẹ tó tẹ drop_duplicates lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀, ẹ tún un kà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo ojú ohun tó lọ. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó jẹ́ òkúta, ẹ pe ẹni tó mọ ẹ̀wà. Màmá mi ò mọ Python o, àwọn ló rí bug mi.