Kí Wọ́n Tó Mú Abẹ, Ta Ni Wọ́n Bi?

Láti Lẹkki títí dé Ajah, ahọ́n kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. Àwọn kan ń fẹ̀sùn kan àwọn ilé ìwòsàn aládàáni pé nítorí owó ni wọ́n fi ń yára mú abẹ. Àwọn mìíràn gbà pé ẹni tí wọ́n bá là bímọ kì í ṣe abiyamọ gidi, wọn a sì dúró lọ́dọ̀ agbẹ̀bí tàbí àáfà títí tí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Ìhà méjèèjì ń jà lórí aláboyún. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀.

Ní 1985, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí àgbègbè tí ó yẹ kí ìbí oníṣẹ́-abẹ ti ju 10 sí 15 lọ nínú 100. Ní 2021, ó ròyìn pé ó ti di 21 jákèjádò ayé. Ìwádìí ìjọba ní Nàìjíríà ní 2018 rí nǹkan bí 3 péré, àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyẹn ni pé wọ́n lè máa la ẹni tí kò nídìí ní àdúgbò kan, kí ẹni tí ó nílò rẹ̀ máa kú ní èkejì.

Bí ọmọ bá dábùú nínú, tàbí tí ibi ọmọ dí ọ̀nà, abẹ gan-an lè jẹ́ ìdáhùn Ọlọ́hun sí àdúrà tí wọ́n ń gbà. Síbẹ̀, abẹ kì í lọ láìfi àpá sílẹ̀. Bí àpá inú ilé ọmọ ti ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i pé ibi ọmọ oyún tí ń bọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá náà, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà. Obìnrin tí ó ń gbèrò ọmọ márùn-ún yẹ kí ó gbọ́ èyí kí wọ́n tó là á bí àkọ́bí. Ó yẹ kí ó gbọ́ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n là lẹ́ẹ̀kan lè fúnra wọn bí èyí tí ó tẹ̀lé e, ní ilé ìwòsàn tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ ìpamọ́ wà.

Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 pàṣẹ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́ fún aláìsàn, ní èdè tí ó yé e níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ìwé tí wọ́n tì síwájú obìnrin nígbà tí ìrọbí ti mú un kò jọ àlàyé rárá. Àwọn ọkọ kan sì rò pé àwọn nìkan ni wọ́n ni ìbuwọ́lùwé. Ẹni tí ó bá ka Súrátul-Baqarah, āyah 233, mọ̀ pé bí tọkọtaya yóò bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ kí ọdún méjì tó pé, àfi kí wọ́n jọ gbìmọ̀, kí àwọn méjèèjì sì yọ̀ǹda. Ẹni tí ó ní ohùn lórí ọmú, báwo ni kò ṣe ní ní ohùn lórí ikùn ara rẹ̀?

Kí ni ó fa abẹ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró díẹ̀ sí i? Èló ni? Oyún mìíràn ńkọ́? Oṣù keje ni ó yẹ kí wọ́n ti béèrè. Nígbà náà, aláboyún tí ìdáhùn kò tẹ́ lọ́rùn ṣì lè wá ilé ìwòsàn mìíràn. Lọ́jọ́ ìrọbí, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ajah, kò sí àyè yíyàn mọ́.