Ilé Ni Òǹkọ̀wé Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde
Bí àwọn kan tilẹ̀ ń rò pé ẹni tí yóò kọ ìtàn-àròsọ tí ó múná dóko gbọ́dọ̀ sá fún aya, ọmọ àti iṣẹ́ ilé, èrò tèmi yàtọ̀ pátápátá. Nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àlọ́ ìyá àgbà, asọ̀ àwọn ọmọ lórí àkàrà, àti ọgbà ẹ̀yìnkùlé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ ro, àwọn ni ó ń fún gègé rẹ̀ ní ẹ̀mí. Iṣẹ́ òòjọ́ pàápàá kì í dí òǹkọ̀wé lọ́wọ́: D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe nígbà tí ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé òǹkọ̀wé, ẹ pín in níṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ má fi wákàtí ìdákẹ́jẹ́ dù ú, nítorí ogún gbogbo wa ni ìwé rẹ̀.