Ìfìwúwo-wé-gíga Kì í Ṣe Ìwọ̀n Ọ̀rá

Kò tọ́ kí a túmọ̀ Body Mass Index sí ‘ìwọ̀n ọ̀rá ara’. Ìṣirò tí Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, fi lélẹ̀ ní 1832, tí Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ ní 1972, kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Gíga ni a fi ń pín ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó wúwo ní kílò 81, tí ó ga ní mítà 1.8, yóò gba 25, ìbáà jẹ́ oníjàkadì, ìbáà jẹ́ ajókòó-ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọ̀rá kún ikùn rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò tó 25, lè rò pé ewu kò sí. Nítorí náà, mo dábàá ‘ìfìwúwo-wé-gíga’. Orúkọ a máa ro ni. Bí ọ̀rọ̀-ìperí bá ṣini lọ́nà, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.