Iṣẹ́ Alárinà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan ń wí pé ìparí ìjà kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń kọ́, pé àgbà ìlú ni í ṣe é. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni Samuel Johnson ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà. Òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń jíṣẹ́ láàrin àwọn ibùdó ogun Kírìjì títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹfà, 1886. Ìwé náà ní kí Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìjà òun àti Ifẹ̀ sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1981 àti 1997. Ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìwé, lórí ààlà oko, ni ó ṣọ̀wọ́n. Ní Masífà níhìn-ín, ẹ bi àwọn tí ogun Abidjan ti 2011 lé padà sílé.